Ojúoró lékè omi, ẹja ń kú lábẹ́ rẹ̀: ohun tó ṣẹlẹ̀ sí aquarium mi ní Kabba

Ẹja mọ́kànlá ló kú fún mi láàárín ọjọ́ mẹ́jọ nínú oṣù kẹta, òru sí ìdájí ni gbogbo wọn kú, kò sí ẹyọ kan tó kú lójú ọ̀sán. Mo kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ torí pé nígbà tí mò ń wá ìdí ọ̀rọ̀ náà, ohun tí tọmọdé tàgbà ń sọ fún mi ni pé omi mi ni ò dáa, bẹ́ẹ̀ omi yẹn ò ní nǹkan kan tó ṣe é. Tó bá jẹ́ pé ibi tí iná ti máa ń lọ lóru lẹ̀ ń gbé, tẹ́ ẹ sì gbin ewéko sínú àpótí ẹja yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á.

Kabba ní ìpínlẹ̀ Kogí nílé wa wà, níbi tí èèyàn á ti máa wo àwọn òkè àpáta láti ojú fèrèsé. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń wù mí láti ní aquarium, àpótí gíláàsì tí wọ́n ń sin ẹja sí, tí ewéko wà nínú ẹ̀ dáadáa, kì í ṣe èyí tí wọ́n á kàn da òkúta aláwọ̀ mèremère sí tí wọ́n á fi ọkọ̀ ojú omi oníke sí àárín. Mo fẹ́ kó dà bí odò. Ọdún tó kọjá ni mo ra gíláàsì lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù, a gé e sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ní gígùn, ọ̀kan àti ààbọ̀ ní fífẹ̀, ọ̀kan àti ààbọ̀ ní gíga, a fi sílíkónì lẹ̀ ẹ́, a fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin kó gbẹ, lẹ́yìn náà la wá rọ omi sí i lẹ́yìnkùlé kó tó wọlé, torí tó bá máa jò, ẹ jẹ́ kó jò síta. Omi tó ń gbà tó lítà 180, àmọ́ tí iyẹ̀pẹ̀ àti òkúta bá ti gba ààyè tiwọn ó ku bíi 160. Lítà omi kan, kílò kan ni, ẹ ro ìyẹn mọ́ gíláàsì àti òkúta, ẹ ó rí i pé orí tábìlì pákó kọ́ ni nǹkan yìí máa jókòó sí. Wẹ́dà ló bá mi ṣe ẹsẹ̀ irin ẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ẹ̀ ni mo gbádùn jù láti ṣe. Ilẹ̀ pupa wa tó wà káàkiri ibí yìí ni mo bù, mo sá a gbẹ, mo yọ gbòǹgbò àti ewé kúrò nínú ẹ̀, mo tẹ́ ẹ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sísàlẹ̀, kò ju ìka kan lọ, kí n tó da iyẹ̀pẹ̀ odò lé e lórí ní ìlọ́po méjì ẹ̀. Irin pọ̀ nínú ilẹ̀ pupa, irin yẹn ni ewéko ń wá. Lókè òkun, inú ọ̀rá ni wọ́n ti ń ta ilẹ̀ pupa báyìí fún àwọn tó ń gbin ewéko sínú aquarium, owó gidi ni wọ́n sì fi ń rà á, àwa ń fi bàtà tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́. Iyẹ̀pẹ̀ odò yẹn, mo fọ̀ ọ́ títí omi ẹ̀ fi mọ́, ó tó ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn òkúta, láti ẹsẹ̀ òkè níbí ni mo ti ṣà wọ́n, mo kán fínígà sí wọn lára wọn ò hó, ìyẹn ni pé wọn ò ní ẹfun nínú tó máa yòrò sómi.

Ewéko tí mo fi bẹ̀rẹ̀: Vallisneria tó gùn bíi koríko, Anubias tí mo fi òwú so mọ́ igi àti òkúta (ẹ má ri ìtàkùn ẹ̀ mọ́lẹ̀ o, á jẹrà), hornwort tó máa ń léfòó láàárín omi tó sì ń yára dàgbà, àti òṣíbàtà kan tí mo wú ọmọ ẹ̀ nínú adágún. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo mọ̀ pé Anubias àti òṣíbàtà yìí, ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí ni orírun wọn, àwọn tó ń fi wọ́n ṣọ̀ṣọ́ ní Jámánì àti Japan, ohun tiwa ni wọ́n ń gbìn.

Mi ò kánjú kó ẹja sí i. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi ń wo omi lásán. Àwọn tó bá mọ̀ ọ́n á ti mọ ìdí ẹ̀, àwọn tí ò mọ̀ ọ́n, òun nìyí ní kúkúrú: ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹja, pẹ̀lú oúnjẹ tó ṣẹ́ kù, máa ń di amóníà, amóníà sì ń pa ẹja. Àwọn bakitéríà kan wà tó ń sọ ọ́ di nitrite, èyí náà ń pa ẹja, àwọn mìíràn á wá sọ nitrite di nitrate, ìyẹn ló rọrùn fún ẹja, ewéko sì ń jẹ ẹ́ bí ajílẹ̀. Àwọn bakitéríà yìí ò sí nínú àpótí tuntun, wọ́n ní láti pọ̀ sí i lára iyẹ̀pẹ̀ àti fóòmù tó ń sẹ́ omi, ìyẹn sì máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Mo ń ju oúnjẹ ẹja díẹ̀díẹ̀ sínú omi tí ò ní ẹja kí wọ́n lè rí nǹkan jẹ, mo sì ń fi kíìtì oníkán-kán (oògùn tí wọ́n ń kán sínú omi díẹ̀ kó fi àwọ̀ hàn) wọn omi lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta, títí amóníà àti nitrite fi di òdo.

Ẹja wá dé láti Àbújá nínú ọ̀rá tí wọ́n fẹ́ ọ́síjìn sí. Méjìdínlọ́gbọ̀n ni gbogbo wọn: tetra dúdú mẹ́jọ, swordtail mẹ́fà, platy mẹ́fà, gourami méjì, Corydoras mẹ́fà tó ń rìn nísàlẹ̀. Ẹ fi iye yìí sọ́kàn, mo ṣì máa padà sí i. Fóòmù tí páǹpù afẹ́fẹ́ kékeré ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú ẹ̀ ni mo fi ń sẹ́ omi, iná ìjọba ló ń gbé e. Tí iná bá lọ ó dúró, tí iná bá dé ó ṣiṣẹ́. Báyẹn la ṣe wà láti oṣù kẹsàn-án títí ọyẹ́ fi wá tó sì lọ, ẹja ò kú, àwọn platy ń bímọ, mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n.

Ìgbà tí ọyẹ́ ń lọ ni àbúrò mi ọkùnrin bá mi mú ojúoró wá láti etí odò, mẹ́ta péré. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí létí ọmọ Yorùbá, ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò, a ti fi ṣàdúrà títí, níbi ìkómọ, níbi ìṣílé, kí n wá ní méjèèjì nínú gíláàsì kan ṣoṣo ní pálọ̀ mi! Mo ń fi han gbogbo àlejò. Ojúoró sì mọ bí wọ́n ṣe ń pọ̀, á na ọwọ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọmọ á yọ lórí ọwọ́ yẹn, ọmọ náà á tún na ọwọ́ tiẹ̀. Nígbà tí oṣù kejì fi máa parí, kò sí ibi tí èèyàn ti lè fojú rí omi láti òkè mọ́, gbogbo ẹ̀ ti di ewé, ìtàkùn wọn ń fì nísàlẹ̀ bí irùngbọ̀n àgbà. Lójú mi, ó rẹwà ju ohunkóhun tí mo ti ṣe rí.

Nínú oṣù kẹta ooru dé bó ṣe máa ń dé lọ́dọ̀ wa, iná náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti bí aago mẹ́wàá alẹ́ kò sì ní dé títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ mo bá swordtail méjì tó ti kú. Abo ni wọ́n, àwọn tó tóbi jù nínú gbogbo ẹja mi. Ẹnu wọn ṣí sílẹ̀. Mo ní ó lè jẹ́ ọjọ́ orí. Ní ọjọ́ kẹta, swordtail kan àti tetra kan. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí, mo wọn omi lójú ẹsẹ̀: amóníà òdo, nitrite òdo, nitrate 10. Omi tó mọ́ báyìí ò yẹ kó pa ẹja.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ládùúgbò wa tó ń sin ẹja àrọ̀ nínú adágún kọ̀ǹkéré lẹ́yìn ilé, wọ́n ti ṣe é pẹ́, mo bọ̀wọ̀ fún wọn gan-an. Mo lọ bá wọn, mo kí wọn bí a ṣe ń kí ara wa níbí.

“Ẹ̀gbọ́n, òkun o. Ẹja mi ń kú o.”

“Òkun o, àbúrò. Irú omi wo lo fi ń sin wọ́n?”

“Omi bọ́hóòlù kan náà tí gbogbo wa ń pọn ni, sà.”

“Omi yẹn náà lèmi fi ń sin àrọ̀ mi, ọgọ́rùn-ún mélòó ló wà níbẹ̀ yẹn, ọ̀kan ò kú. Tí kì í bá ṣe àìsàn, a jẹ́ pé o fi nǹkan pa wọ́n ni. Ṣé ẹ fín oògùn ẹ̀fọn ní?”

Ọ̀rọ̀ wọn mọ́gbọ́n dání lójú mi, mo sì gbé e lérò débi tó ṣì mí lọ́nà fún ọjọ́ bíi mélòó kan. A ò fín oògùn ẹ̀fọn, a jẹ́ pé àìsàn ni. Mo ra oògùn ẹja tó ní formalin nínú, mo da ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò ẹ̀ sínú omi ní alẹ́ ọjọ́ karùn-ún, mo pa iná, mo lọ sùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹfà, ẹja mẹ́rin ló ti kú, tetra mẹ́ta àti swordtail kan. Ẹ̀yìn-ò-rẹyìn ni mo tó mọ̀ pé formalin fúnra ẹ̀ máa ń jẹ ọ́síjìn inú omi, pé tí èèyàn bá máa lò ó, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa wọ omi yẹn láìdúró. Èmi dà á sínú omi tí páǹpù ẹ̀ ti kú sílẹ̀, nínú ooru, tí ewé ti bo ojú ẹ̀. Mẹ́rin yẹn, ọwọ́ mi ni wọ́n kú sí, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ọjọ́ kẹjọ, platy méjì àti tetra kan. Ó pé mọ́kànlá.

Ìyá mi ló já ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀dọ̀ wa ni Ìyé ń gbé báyìí, aago mẹ́rin àbọ̀ ni wọ́n máa ń jí láti gbàdúrà, pálọ̀ ni wọ́n sì máa ń jókòó sí. Àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ yẹn, bí mo ṣe ń kó òkú ẹja jáde, wọ́n ní, “Ṣé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn ni, tí gbogbo wọn á gòkè wá máa ṣí ẹnu pàkàpàkà? Tí oòrùn bá ti yọ wọ́n á tún padà sísàlẹ̀.” Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀n lọ́wọ́. Èmi kì í jí kó tó di aago mẹ́fà ààbọ̀. Oṣù mẹ́fà ni mo ti ní aquarium yìí, mi ò tíì wò ó rí ní ìdájí.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án mi ò sùn. Mo gbé àga síwájú ẹ̀, mo mú tọ́ọ̀ṣì tí mo fi ọ̀rá pupa bò lójú kí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ má bàa yọ wọ́n lẹ́nu, mo mú ìwé. Aago méje alẹ́, iná ṣì wà, omi gbóná tó dígírì 31, pH rẹ̀ (òǹkà tó ń fi bí omi ṣe kan tó hàn, bó bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni omi ń kan sí i) jẹ́ 7.6, ẹja ń ṣeré. Iná lọ ní aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀. Aago kan òru, àwọn tetra ti dẹ́kun rírìn, wọ́n kàn wà lójú kan, wọ́n ń mí kíákíá, ẹ ó rí i tí ìdérí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí wọn ń ṣí ń pa láìsinmi. Aago mẹ́ta, swordtail méjì tó kù ti fi ẹnu kan òkè, wọ́n ń wá àyè láàárín ìtàkùn ojúoró, wọn ò rí. Aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú, gbogbo tetra àti platy ti gòkè. Mo wọn pH, 6.7. Gourami méjèèjì ń bẹ ní tiwọn, wọ́n á gòkè wá gbé afẹ́fẹ́ kan mì, wọ́n á padà. Corydoras náà, wọ́n á sáré gòkè wọ́n á sáré sọ̀ kalẹ̀.

Mi ò dúró kí ẹyọ kan tún kú. Mo kó ojúoró kúrò ní ìdajì kan, mo mú kọ́ọ̀bù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi inú àpótí náà, mo ń gbé e sókè tó ìgbọ̀nwọ́ kan, mo ń dà á padà kó máa ró wàà. Ọmọ mi àgbà jí, ó gbà á lọ́wọ́ mi. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú la fi ṣe é. Kó tó di aago márùn-ún àwọn tetra ti ń padà sí àárín omi. Kò sí oògùn kankan nínú ẹ̀, omi tó ń ta sókè lásán ni.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé, bó ṣe wá yé mi. Lọ́sàn-án tí ìmọ́lẹ̀ bá wà, ewéko inú omi ń tú ọ́síjìn jáde, wọ́n sì ń gba afẹ́fẹ́ tí ẹja mí síta. Tí ilẹ̀ bá ṣú wọn ò tú nǹkan kan jáde mọ́, àwọn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í mí bí ẹja, wọ́n á máa gba ọ́síjìn kan náà. Bí ewéko bá ṣe pọ̀ tó ni ẹnu tó ń jẹun lóru ṣe pọ̀ tó. Ìdọ̀tí àti ewé tó ń jẹrà nísàlẹ̀ ń gba tiwọn, oúnjẹ tí mò ń fún ẹja ní aago mẹ́jọ alẹ́ tún ń mú kí àwọn fúnra wọn nílò sí i torí pé ẹja tó yó máa ń mí ju èyí tí ò jẹun lọ. Omi gbígbóná ò sì lè gbé ọ́síjìn púpọ̀: ní dígírì 25, omi tó kún fún un dáadáa ní bíi mílígíráàmù 8.2 nínú lítà kan, tó bá di 30 ó ti bọ́ sí bíi 7.5. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi kú nígbà ọyẹ́. pH tó lọ sílẹ̀ láti 7.6 sí 6.7 yẹn, afẹ́fẹ́ tí gbogbo wọn mí síta ló kó jọ tó sọ omi di kíkan díẹ̀, omi bọ́hóòlù tiwa rọ̀, kò ní ẹfun tó máa dá a dúró. Ẹni tí ò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ọ́síjìn, tó bá wọn pH nírọ̀lẹ́ tó tún wọn ọ́n ní ìdájí, á rí ojú ọ̀rọ̀ náà.

Ibì kan péré wá ni ọ́síjìn lè gbà wọlé lóru, ojú omi níbi tó ti kan afẹ́fẹ́. Ojúoró ti dí i. Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ pé ewéko lòun náà, ṣebí ó ń tú ọ́síjìn. Ó ń tú u, àmọ́ ewé ẹ̀ wà lókè, inú afẹ́fẹ́ pálọ̀ ló ń tú u sí, kì í ṣe inú omi. Ìtàkùn ẹ̀ tó wà nínú omi ń mí nínú omi, òjìji ẹ̀ ò sì jẹ́ kí hornwort àti Vallisneria tó wà nísàlẹ̀ rí ìmọ́lẹ̀ tó láti ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án. Nígbà tí páǹpù wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ń da ojú omi rú, ìyẹn ló ń bò mí láṣìírí. Páǹpù yẹn, kì í ṣe àwọn ìfófó afẹ́fẹ́ tó ń yọ jáde yẹn gan-an ló ń fi ọ́síjìn sómi jù bí ẹ ṣe ń rò, bí wọ́n ṣe ń mú omi ìsàlẹ̀ gòkè tí wọ́n ń da ojú ẹ̀ rú ló ń ṣe é. Iná lọ, ó tán.

Ẹ wá wo àwọn tó kú. Àwọn tó tóbi ló kọ́kọ́ lọ, irú ikú báyìí ló máa ń mú àwọn ńlá kó tó kan kékeré. Nínú swordtail mẹ́fà, mẹ́rin lọ, nínú tetra mẹ́jọ, márùn-ún lọ, platy méjì nínú mẹ́fà. Gourami méjèèjì yè, Corydoras mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yè, ọmọ platy wẹ́wẹ́ tó máa ń gbé òkè omi yè. Gourami ní ẹ̀yà ara kan lórí tó fi ń gba afẹ́fẹ́ tààrà, Corydoras ń gbé afẹ́fẹ́ mì, ìfun ẹ̀ ló sì fi ń gbà á. Tó bá jẹ́ àìsàn tàbí májèlé, kí ló dé tó fi mọ àwọn tó lè mí afẹ́fẹ́ yà sọ́tọ̀? Iye yìí wà níwájú mi láti ọjọ́ kẹta, mi ò kà á.

Mo tún padà lọ bá ẹ̀gbọ́n, mo sọ fún wọn. Àwọn gan-an ló rẹ́rìn-ín tí wọ́n ní, “Áà, àrọ̀! Àrọ̀ ń mí òkè nọ̀ọ.” Àrọ̀ náà ní ẹ̀yà tó fi ń gba afẹ́fẹ́, ìdí nìyẹn tó fi lè wà nínú ike ní ọjà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Omi tí àrọ̀ bá yè nínú ẹ̀ ò lè jẹ́rìí fún tetra. Wọ́n ní nígbà tí àwọn da epìyà mọ́ àrọ̀ lọ́dún kan, epìyà ló ń léfòó ní ìdájí, àwọn rò pé ẹyẹ ló ń pa wọ́n.

Mi ò fẹ́ sọ pé ojúoró nìkan ni kí n wá lọ ṣì í lẹ́jọ́, torí náà mo dán an wò. Òru kẹwàá, mo kó gbogbo ojúoró kúrò, mi ò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, iná lọ ní àkókò kan náà. Aago mẹ́rin àbọ̀ àwọn swordtail ṣì gòkè, àmọ́ tetra ò gòkè, pH dúró sí 7.0. Òru kọkànlá, mo ti gé hornwort kúrò tó kún garawa kan, mo fa ewé jíjẹrà jáde nísàlẹ̀, mi ò fún wọn lóúnjẹ lálẹ́. Ẹja kankan ò gòkè, pH 7.2. Báyìí ni mo ṣe mọ̀ pé ojúoró ló kó èyí tó pọ̀ jù, àpọ̀jù ewéko àti oúnjẹ alẹ́ ló kó ìyókù. Amóníà gòkè díẹ̀ láàárín ọjọ́ yẹn, 0.25, torí pé bakitéríà inú fóòmù náà ń fẹ́ ọ́síjìn, òru tí ẹja ń kú, díẹ̀ nínú wọn ń kú lọ. Mo pààrọ̀ lítà 40 lọ́jọ́ méjì tẹ̀ lé ara, ó padà sí òdo. Ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ omi bọ́hóòlù lẹ ń lò, ẹ má gbé e tààrà láti ẹnu ẹ̀rọ lọ sínú àpótí, omi tó ti abẹ́ ilẹ̀ jáde kì í ní ọ́síjìn tó, ẹ da á gba inú asẹ́ láti òkè sínú garawa, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú.

Jẹnẹrétọ̀ ò lè jẹ́ ìdáhùn, ta ló máa tan jẹnẹrétọ̀ mọ́jú nítorí ẹja. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ra páǹpù afẹ́fẹ́ kékeré tó ń lo 12V, agbára ẹ̀ ò ju wáàtì 5 lọ, bátìrì 12V 7Ah kan, àti pánẹ́ẹ̀lì sólà wáàtì 20 tí a gbé sórí páànù. Ìṣirò ẹ̀ ò le: 12 lọ́nà 7 jẹ́ wáàtì-wákàtí 84, bátìrì irú èyí kò dáa kéèyàn lò ó kọjá ìdajì kó má bàa tètè bàjẹ́, ó ku 42, ẹ fi wáàtì 5 tí páǹpù ń lò pín in, ó lé ní wákàtí mẹ́jọ díẹ̀. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago mẹ́fà àárọ̀ nìyẹn gẹ́lẹ́. Ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe ló fi rílé kan sí i tó jẹ́ pé tí iná ìjọba bá lọ ó máa gbé e fún bátìrì fúnra ẹ̀, ìyẹn ló tẹ́ mi lọ́rùn jù nínú gbogbo ẹ̀ torí mi ò ní láti jí.

Ojúoró ṣì wà. Mi ò lè lé e jáde pátápátá, mo fẹ́ràn ẹ̀, ìtàkùn ẹ̀ sì ń jẹ nitrate gan-an. Mo fi rọ́bà tín-ín-rín tí afẹ́fẹ́ ń gbà ṣe òrùka, mo so orí mọ́ ìdí, ó ń léfòó, inú òrùka yẹn ni ojúoró wà, kò kọjá ìdámẹ́rin ojú omi. Gbogbo Sátidé mò ń kó èyí tó bá yọjú síta kúrò, mo ń sá a sóòrùn kó kú tán pátápátá kí n tó dà á sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, mi ò jẹ́ dà á sódò torí ohun tó lè bo àpótí mi láàárín oṣù méjì lè bo adágún. Sátidé yẹn náà ni mò ń pààrọ̀ lítà 40, mò ń fún fóòmù nínú omi tí mo fà jáde, kì í ṣe nínú omi tuntun, mo ń gé Vallisneria tó bá ti ń tẹ́ sójú omi. Iná tó wà lórí ẹ̀ kì í kọjá wákàtí méje lójúmọ́, nígbà tí mo jẹ́ kó kọjá mẹ́wàá, ohun aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ yẹn bo gbogbo ewé Anubias. Oúnjẹ di ẹ̀ẹ̀kan, láàárọ̀, lẹ́yìn tí oòrùn bá ti yọ dáadáa. Mi ò tíì ra ẹja mìíràn dípò àwọn tó kú, mo fẹ́ kí ooru yìí kọjá ná.

Ìdájí òní, iná ti lọ láti aago mọ́kànlá. Mo jí ní aago márùn-ún, mo gbọ́ tí páǹpù kékeré yẹn ń dún wúúú, tetra mẹ́ta wà láàárín Vallisneria, swordtail méjì wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta. Ìyé ti ń gbàdúrà. Nígbà tí wọ́n ṣe tán wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì fóònù wọn sí gíláàsì náà, wọ́n wò ó díẹ̀, wọ́n ní, “Kò sí èyí tó yọjú.”